Ẹlẹ́wọ̀n Mẹ́sàn-án Lẹ́bàá Ògiri: Ìtàn Páálí Àwo Orin Kan Tí A Kọ ní Àpápá

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mo dúró ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin àtijọ́. Ó na àwo kan sí mi, ó ní kò sí ẹni tó fẹ́ràn orin òyìnbó tí kò mọ páálí yìí. Mo wò ó. Ènìyàn mẹ́sàn-án nínú aṣọ dúdú fara mọ́ ògiri bíríkì kan lóru, iná alágbára kan sì ká wọn mọ́ bí ìgbà tí wọ́dà bá ká ẹlẹ́wọ̀n tó ń sá lọ mọ́. Mo bi ọkùnrin náà léèrè pé níbo ni wọ́n ti kọ orin inú àwo yìí. Ó dáhùn láìronú pé, “Níbí náà ni, ní Lọ́ńdọ̀nù.” Èmi ọmọ Èkó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Orúkọ àwo náà ni Band on the Run. Ti Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, ni. Oṣù kejìlá ọdún 1973 ni ó jáde, ó sì wà lára àwọn àwo orin tó tà jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1974. Èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀ ni a gbà sínú téèpù ní ojú ọ̀nà Wharf Road ní Àpápá, ní ìlú Èkó. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe àjèjì sí òǹkàwé, kí ó má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tó bá wo ojú páálí náà láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní rí ohun kan níbẹ̀ tí yóò rán an létí Èkó.

Ẹ̀yin olùkọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí jẹ lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní. Kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ bá olórin òyìnbó kan jà ni, bí kò ṣe nítorí pé ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ni ọkàn máa ń gbà gbọ́. Àwòrán tó wà lójú iṣẹ́ ló ń sọ fún aráyé ibi tí iṣẹ́ náà ti wá. Bí a kò bá sì ya tiwa, ẹlòmíràn yóò ya tirẹ̀, yóò sì fi bo tiwa mọ́lẹ̀ láìsí pé ó ní èrò búburú kan lọ́kàn.

Ọdún 1973 yìí kì í ṣe ọdún kékeré ní Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé ti parí láti oṣù kìíní ọdún 1970. Ọ̀gágun Gowon ni olórí ìjọba ológun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni a pa owó pọ́n-ùn tì, tí a mú náírà. Ní ọdún kan náà tí a bọ́ lọ́wọ́ owó òyìnbó ni ọ̀kan nínú àwọn olórin òyìnbó tó lókìkí jùlọ láyé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Àpápá.

Ohun tó gbé e wá kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ẹgbẹ́ The Beatles, tí ó ti gba òkìkí, ti tú ká. Ilé-iṣẹ́ EMI tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá lágbàáyé. McCartney wo orúkọ àwọn ìlú náà, ó sì yan Èkó. Ó rò pé oòrùn ni àwọn yóò máa yá lọ́sàn-án, tí àwọn yóò sì máa kọrin lálẹ́. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ yọwọ́: Henry McCullough tó ń ta gìtá, àti Denny Seiwell tó ń lù ìlù. Àwọn mẹ́ta péré ló kù: McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine. Geoff Emerick, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dunjú, bá wọn wá. McCartney fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù.

Oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lò níbí. Ẹni tó bá mọ Èkó kò ní béèrè bóyá wọ́n rí oòrùn yá. Òjò ni wọ́n bá pàdé. Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tó wà ní Àpápá kò tíì parí tán, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí ti Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n tún lo ọjọ́ kan ní Ìkẹjà, ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí Ginger Baker, onílù òyìnbó kan tó fẹ́ràn ilẹ̀ wa, dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ náà, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, wọ́n sì ń mì ín bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, McCartney àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní ìgboro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn olè dá wọn lọ́nà, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí wọn. Wọ́n gba owó àti kámẹ́rà wọn, wọ́n sì kó àwọn téèpù tí olórin náà ti kọ orin tuntun rẹ̀ sí kí ó tó wá. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó kù lọ́pọlọ rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ sí i, èémí há a láyà nínú yàrá iṣẹ́, ó sì dákú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan orin ilẹ̀ wa gan-an rèé. Fela Ransome-Kuti, ẹni tó ń gbé àwo tirẹ̀ náà jáde lábẹ́ EMI nígbà náà, gbọ́ pé McCartney wà ní Èkó. Fela fẹ̀sùn kàn án pé ńṣe ni ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú gbé lọ. McCartney kò bá a jà. Ó pè é, ó sì jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tó wà nínú téèpù. Fela gbọ́ ọ, ó sì rí i pé orin òyìnbó pọ́ńbélé ni. McCartney ti lọ sí ilé ijó Fela láti gbọ́ orin rẹ̀, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni òun bú sí, nítorí pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ó yẹ kí á ṣe ìdájọ́ òdodo. Fela ṣìnà lórí ẹ̀sùn náà. Kò sí orin Yorùbá kan tí McCartney jí gbé sínú àwo yìí. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orin tí a jí gbé ní Èkó ní ọdún náà, ti McCartney ni, àwọn ọmọ ìlú wa ló sì jí i. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí olè bá jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Àwọn olè alẹ́ ọjọ́ náà kò níbi tí wọ́n ti lè fọn téèpù wọ̀nyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gba ohùn mìíràn lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yí òwe náà padà, kí á wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí Fela ń bẹ̀rù ni pé òyìnbó kì í ṣe irú olè bẹ́ẹ̀. Bí òun bá mú kàkàkí, ó níbi tí yóò ti fọn ọ́n. Ó ní rédíò, ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní ìsọ̀ àwo ní gbogbo ìlú láyé, ó sì ní páálí tí yóò dì í sí. Fela ṣi ẹni tó mú, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ páálí àwo yìí gan-an ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n parí iṣẹ́ tó kù lórí àwo náà, ó wá ku àwòrán. Nítorí pé orin tó fún àwo náà lórúkọ sọ nípa àwọn tó sá kúrò lẹ́wọ̀n, McCartney fẹ́ kí páálí náà dà bí ìgbà tí a ká àwọn asálẹ́wọ̀n mọ́ ògiri. Ó kó àwọn gbajúmọ̀ mẹ́fà jọ láti dúró pẹ̀lú àwọn mẹ́ta: Michael Parkinson, tó máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò lórí tẹlifíṣọ̀n; Kenny Lynch, akọrin; James Coburn àti Christopher Lee, àwọn òṣèré sinimá; Clement Freud, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin; àti John Conteh, akànṣẹ́ láti ìlú Liverpool. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1973 ni wọ́n pàdé ní Osterley Park, ní apá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Clive Arrowsmith ni onífọ́tò.

Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ròyìn lẹ́yìn náà, àríyá ti ṣáájú fọ́tò, wọ́n ti mu ọtí, òun pàápàá sì ti mu. Iná tí wọ́n háyà kò mọ́lẹ̀ tó, nítorí náà ó di dandan kí gbogbo wọn dúró láìmira fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí fọ́tò tó lè mọ́. Ta ló lè sọ pé kí ọ̀mùtí mẹ́sàn-án má mira? Arrowsmith gun orí àkàsọ̀, ó ń fi fèrè ìpariwo pàṣẹ fún wọn láti òkè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àfi bí wọ́n ti fi ẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, díẹ̀ ló mọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Lórí èyí, fíìmù tí a ṣe fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ti kì sínú kámẹ́rà fún iná òru, gbogbo àwòrán náà sì pọ́n rúsúrúsú. Ó kó wọn lọ bá McCartney, kò sì sọ àṣìṣe náà. McCartney mú ọ̀kan, ó ní èyí ni òun fẹ́. Ohun tí aráyé wá ń yìn títí di òní pé ó jẹ́ àwọ̀ àrà, àṣìṣe fíìmù ni.

Kò sí ibi kan nínú ìtàn yìí tí ẹnikẹ́ni ti gbìmọ̀ láti yọ Èkó kúrò. Ẹnìkan lè sọ pé páálí àwo kì í ṣe ìwé ìtàn, pé olórin lómìnira láti ya ohun tó wù ú, òótọ́ ni onítọ̀hún sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti rí. Linda McCartney jẹ́ onífọ́tò fúnra rẹ̀, ó sì ya àwọn fọ́tò kéékèèké ní Èkó. A kó àwọn fọ́tò náà jọ sórí bébà ńlá kan, a ká a, a sì kì í bọ inú páálí pẹ̀lú àwo. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa wà nínú fọ́tò wọ̀nyẹn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí kò dé Àpápá rí ni wọ́n wà lóde, tí àwọn ọmọ Èkó sì wà nínú, ní kíká. Ẹni tó bá ra àwo náà ló lè tú u wò. Ẹni tó kàn rí i lójú fèrèsé ìsọ̀ kò lè mọ̀.

Ilẹ̀ adúláwọ̀ kò sì ṣàìsí lójú páálí náà, bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Ọmọ Sierra Leone ni baba John Conteh. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1974, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn tí ó ṣe ẹlẹ́wọ̀n eré, Conteh gba adé akànṣẹ́ àgbáyé. Nínú orin pẹ̀lú, ọmọ Nàìjíríà kan wà: Remi Kabaka ló lu ìlù ọwọ́ nínú orin “Bluebird”. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ló ti lù ú, kì í ṣe Èkó. Ẹgbẹ́ tó rìn dé Èkó láti kọrin padà sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó pe ọmọ Nàìjíríà jókòó sídìí ìlù. Bóyá ẹ̀sùn Fela ló fà á tí wọ́n fi ṣọ́ra, bóyá kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, a kò tíì sọ ìdajì ìtàn náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1974, àwo orin kejì jáde tí páálí rẹ̀ tún sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wọ̀n. Èkó ni èyí ti jáde. Ní ọdún náà àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé Fela, wọ́n ní igbó ni àwọn ń wá. Wọ́n mú un, wọ́n sì tì í mọ́ àgọ́ wọn ní Alágbọn Close ní Ìkòyí. Nígbà tí ó jáde, ó fi orúkọ ibẹ̀ sọ orin. Onífọ́tò kọ́ ló ṣe páálí Alagbon Close, ayàwòrán ni: ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún kan tó dàgbà ní Èkó, tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Lemi Ghariokwu.

Akọ̀ròyìn kan ló rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà tó sì mú un lọ bá Fela. Lemi ya Fela fúnra rẹ̀, ó sì gbé àwòrán náà fún un. Inú Fela dùn, ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì ọgọ́fà náírà fún un. Ọmọ náà kò gbà á. Ó ní ìfẹ́ ni òun fi ṣe é. Fela bá kọ ìwé fún un pé kí ó máa wọ ilé ijó òun lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, Lemi ya páálí àwo tó lé ní ogún fún Fela.

Ẹ wo èyí àkọ́kọ́. Fela wà láàárín, ó ń jó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti já. Àtìmọ́lé wà lápá kan. Ilé rẹ̀, Kalakuta, wà lápá kejì. Lójú omi, ẹja àbùùbùtán kan ń dojú ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá dé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ìwé kà lè rí ohun tí àwòrán yìí ń wí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà níbẹ̀, ohun tí ọmọ ìlú ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ gbé páálí méjèèjì síbi kan. Nínú èkíní, àwọn ọlọ́rọ̀ àti olókìkí wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n fún eré alẹ́ kan. Ẹ̀wọ̀n tí McCartney ní lọ́kàn kò ju ìpàdé ilé-iṣẹ́ tí kì í tán lọ, níbi tí George Harrison ti sọ lọ́jọ́ kan pé ó wu òun kí àwọn rí ọ̀nà bọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wọ inú orin náà. Nínú èkejì, ẹni tí a tì mọ́lé ní tòótọ́ ló ń jó. Èkíní dára, a kò sì ní fi àbùkù kàn án. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá mọ èkíní tí kò mọ èkejì, yóò rò pé eré ni ẹ̀wọ̀n, yóò sì rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń kọ orin gbogbo.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kọjá àwòrán ọwọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà dáná sun Kalakuta. Wọ́n ju ìyá Fela, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ gbé àṣẹ sílẹ̀ fún àwọn alágbádá ní ọdún 1979, Fela àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks. Lójú páálí àwo tí ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ, Coffin for Head of State, fọ́tò ọjọ́ náà ni a tò, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí a gé. Kò sí ẹni tó gun àkàsọ̀ láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dúró jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná tí a háyà.

Ohun tí mo fẹ́ kí á mú kúrò nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, páálí àwo wà nínú àpótí àwọn bàbá àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín, eruku ń bò ó, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n mú un wá sí kíláàsì. Ẹ kọ́ wọn láti béèrè pé: ta ló ya èyí? Níbo ni a ti kọ orin yìí? Ta ló lu ìlù tí a kò kọ orúkọ rẹ̀? Kí ló wà lóde, kí ló sì wà nínú tí a ká? Ọmọ tó bá mọ béèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí lọ́dọ̀ páálí àwo yóò mọ béèrè wọn lọ́dọ̀ ìwé ìtàn, lọ́dọ̀ ìwé ìròyìn, àti lọ́dọ̀ ìjọba.

Mo ra àwo náà lọ́wọ́ ọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, mo tú bébà tó wà nínú páálí náà, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀. Mo fi ìka kan àwọn ọmọdé inú rẹ̀, mo ní, “Èkó nìyí. Ibẹ̀ ni a ti kọ ọ́.” Ó wò ó pẹ́, ó ní ó ti tó ogún ọdún tí òun ti ń ta àwo yìí, òun kò tú u wò rí.